Ilé-Ìwé Tí Bàbá Àgbà Yàn

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé, bàbá mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ẹ̀pẹ́. Ilé-ìwé ìjọ wà nítòsí, ti àwọn Mùsùlùmí sì wà pẹ̀lú. Ìjọba ni ó ń ran méjèèjì lọ́wọ́ láti san owó àwọn olùkọ́. Apẹja ni bàbá àgbà, Ìmàle paraku sì ni. Síbẹ̀ kò bèèrè iye owó, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó bèèrè, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ti ìjọ. Àwọn ará ilé bínú sí i gidigidi.

Ní àwọn ọdún 1970 ìjọba gba irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ pátápátá, nítorí ẹni tí ń sanwó kì í pẹ́ fẹ́ pàṣẹ. Ní ọdún 2001 ìpínlẹ̀ Èkó dá púpọ̀ nínú wọn padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, àwọn wọ̀nyí sì ń gba owó lọ́wọ́ òbí.

Ní èṣí, mo mú ọmọbìnrin mi lọ sí ọ̀kan nínú wọn. Mo ka ìwé owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi olùkọ́ kò lè yan ohun tí apẹja yàn.

Lójú ọ̀nà, ọmọ náà bi mí bóyá ilé-ìwé náà kò dára ni. Mo ní ó dára.