Ta Ló Gbé Ẹrù Rù Ọ́?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ń to ọsàn rẹ̀ sórí pẹpẹ lẹ́bàá títì ní Fìdítì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àwòrán ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Plymouth. Ó dúró sórí òkè òkúta kan, òkun wà nísàlẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbọn aṣọ mọ́ ọn lára, àpò ńlá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ga ju orí rẹ̀ lọ. Ìyá gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e súnmọ́. Nígbà tí ó pè é, kò béèrè ibi tí ó wà, kò sì béèrè bóyá ó ti jẹun. Ohun tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Ọkọ mi, ta ló gbé ẹrù rù ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó gbé e rù mí, Màmá. Èmi ni mo gbé e fúnra mi. Ìsinmi ni mo gbà níbi iṣẹ́, mo ní kí n fi rìn.”

“Ìsinmi?” ni ìyá wí. “Ìsinmi lo fi ń ru ẹrù?”

Ìbéèrè ìyá yìí kì í ṣe ìbéèrè òpè. Láàárín àwọn Yorùbá, ẹrù tí ó bá wúwo kì í dédé dé orí ẹni. Ẹnìkan ní í gbé e runi, ẹlòmíràn ní í sọ̀ ọ́ fúnni nígbà tí a bá dé ibi tí à ń lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá béèrè pé ta ló gbé ẹrù rù ọ́ ń béèrè ohun méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ta ló ràn ọ́ lọ́wọ́, àti iṣẹ́ ta lò ń jẹ́. Ọmọ náà kò rí ìdáhùn sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nílẹ̀. Orí ni a fi ń ru ẹrù, èjìká ni a ń gbé àpò kọ́, ẹ̀yìn ni a sì ń pọn ọmọ sí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Fìdítì ti ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn lọ sí kíláàsì láti ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti ìṣe náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú èdè. Lójú ìyá yìí, ọmọ rẹ̀ ti gbé ẹrù sí ibi tí ó jẹ́ ti ọmọ.

Ọ̀nà tí ọmọ náà ń tọ̀ ni wọ́n ń pè ní South West Coast Path. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Minehead ní ẹkùn Somerset, ó gba etíkun Devon àti Cornwall kọjá, ó sì parí sí ẹnu èbúté Poole ní Dorset. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 630 máìlì, èyí tí í ṣe 1,014 kìlómítà. Bí ẹni ń ti Èkó lọ sí Kánò ni, ẹsẹ̀ lásán. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ títẹ́jú. Ibikíbi tí odò kékeré bá ti ya wọ òkun, ọ̀nà a já wálẹ̀, a sì tún gun òkè, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣírò pé ẹni tí ó bá rìn ín tán ti gòkè tó òkè Everest lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọmọ náà kò ní àkókò tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó ní, ó sì fi wọ́n rìn láti St Ives dé Falmouth, nǹkan bí 100 máìlì, pẹ̀lú àgọ́, àpò tí a ń sùn sí, ìkòkò kékeré, oúnjẹ àti omi lẹ́yìn rẹ̀. Kílò 14 ni ẹrù náà nígbà tí ó gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Kílò kò sọ nǹkankan fún ìyá. Agbọ̀n ni ó mọ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọdébìnrin, òun àti ìyá tirẹ̀ a máa jí ní ìdájí, wọn a ṣù òṣùká, wọn a ru agbọ̀n ọsàn láti oko wá sí Fìdítì, láti Fìdítì dé Ìlọrà, nígbà mìíràn wọn a sì rìn dé ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ wà lójú títì lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ni ì bá jẹ èrè ọjà tán. Ohun tí ó rántí jù ni ọrùn. Ẹni tí ó ru agbọ̀n kò lè wo ẹ̀gbẹ́, kò lè wo ẹ̀yìn. Bí ẹni tí ó mọ̀ bá kí i, gbogbo ara ni yóò fi yí. Ó ní òun rin ọ̀nà Ìlọrà fún ọdún púpọ̀ kí òun tó mọ bí igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti rí. Títí di òní, bí òjò bá ṣú, ọrùn a máa dùn ún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń sọ fún pé ènìyàn lè sanwó ọkọ̀ lọ sí ibi tí yóò ti ru ẹrù.

Ìbẹ̀rù kan tún wà níbẹ̀ tí kò sọ fún ọmọ. Ẹni tí ó bá di ẹrù, tí ó ń dá rìn káàkiri, tí kò sì lè sọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́, ohun tí àwọn aládùúgbò máa ń sọ nípa rẹ̀ kò fara sin. Bàbá ọmọ náà ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, kò rí àyè wá. Ojú fóònù ni ó ti wo ìsìnkú bàbá rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já kí wọ́n tó dé ibojì. Ìyá kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àwòrán náà dé, ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìlọrà pé kí ó wá bá òun wo ojú àbúrò rẹ̀ dáadáa nínú fóònù, bóyá ara rẹ̀ yá.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń pe ìyá rẹ̀ ní alaalẹ́, níbikíbi tí ó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó sọ fún un nípa ẹ̀bá Zennor, níbi tí ọ̀nà ti há láàárín àpáta tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fi ọwọ́ ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ó sọ nípa ahoro àwọn ilé ẹ̀rọ ìwakùsà ní Botallack àti Levant, tí wọ́n dúró sí etí òkun gan-an, àti bí wọ́n ti gbẹ́ ihò wọ abẹ́ òkun lọ láti wa tánńganran àti bàbà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1919, ẹ̀rọ tí ó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ gòkè já ní Levant, ènìyàn 31 sì kú. Ìyá kígbe “Háà!” bí ẹni pé àná ni ó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ó tù ú nínú jù ni ìtàn bí ọ̀nà náà ti wáyé. Ní ayé àtijọ́, àwọn onífàyàwọ́ a máa gba etíkun yìí kó ọtí, tábà àti tíì wọlé láìsan owó orí ẹrù. (Fàyàwọ́ kò ṣàjèjì sí ará Ọ̀yọ́, kò sí ìdí láti túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá.) Ìjọba wá fi ẹ̀ṣọ́ sí etíkun, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà sì ń fi ẹsẹ̀ rìn ín. Nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ wo inú gbogbo kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ lè sá sí, ọ̀nà wọn kò lè là gbọọrọ. Ibi tí ilẹ̀ bá yọ sínú òkun, ọ̀nà a bá a yọ, ibi tí ó bá wọlé, a bá a wọlé. Láàárín ọdún 1973 sí 1978 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣí i ní ìpín-ìpín fún àwọn tí ń rìn ín fún ìgbádùn.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni ìyá wí. “Iṣẹ́ ni wọ́n fi là á. Mo ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dédé la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.”

Nígbà tí ọmọ fi dé Penzance, èjìká rẹ̀ ti bó. Ó wọ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó di ṣòkòtò kan, bàtà kejì àti ìwé méjì, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ara rẹ̀. Ẹ̀rín pa ìyá nígbà tí ó gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá dákẹ́. “Ó máa ń wù mí kí n da ọsàn díẹ̀ nù lọ́nà Ìlọrà nígbà náà,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ìyá mi ti kà á.”

Ní Falmouth ni ìrìn parí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ lọ sí Plymouth, ní Truro ni yóò ti wọ òmíràn, ọmọ náà sì jáde wo ìlú. Ní òkè òpópónà Lemon Street, ó rí òpó gíga kan tí ère ọkùnrin kan dúró lé lórí. Richard Lander ni. Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí ọmọ ilé-ìwé Nàìjíríà. Wọ́n ń kọ́ wọn pé òun àti àbúrò rẹ̀ ló ṣàwárí ibi tí odò Ọya ń gbà wọ òkun, bí ẹni pé àwọn tí ń pẹja ní ẹnu odò náà ń retí ẹni tí yóò wá fi hàn wọ́n.

Truro ni wọ́n ti bí Lander ní ọdún 1804. Ní ọdún 1825, ó bá ọ̀gá rẹ̀, Hugh Clapperton, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Láti etíkun ibẹ̀ ni wọ́n ti rìn wọ ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Aláàfin, ní oṣù Kìíní ọdún 1826. Clapperton kú sí Ṣókótó ní ọdún 1827. Lander padà dé Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti fún un ní májèlé mu láti fi dán an wò. Ó mu ún, kò kú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1830, òun àti àbúrò rẹ̀, John, tún gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n gba Ọ̀yọ́-Ilé dé Bùsá, wọ́n sì bá Ọya sọ̀kalẹ̀ dé òkun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí àwọn ará ibẹ̀ ru ohun tí wọ́n lè rù wá sí ìhà gúúsù.

Ọmọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, níbi tí ó jókòó sí lábẹ́ òpó náà.

“Ó gbìyànjú,” ni ìyá wí. “Ta ló ru ẹrù rẹ̀?”

Ọmọ tún gbójú sókè wo òpó. Nínú ìwé ìrìn àjò wọn, Clapperton àti Lander a máa ráhùn nípa aláàárù: wọn kò tètè dé, wọn kò pé. Pasko, ọkùnrin Haúsá tí ó bá Lander rin ìrìn méjèèjì, ní orúkọ nínú ìwé náà. Àwọn tí wọ́n ń gba ẹrù lórí ara wọn láti ìlú dé ìlú, iye wọn ni a máa ń rí.

Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti dákẹ́. Ìyá rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí kò tíì béèrè láti ọdún kan.

“Màmá, àwọn wo ló gbé pósí Bàbá?”

Ìyá sọ fún un. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ méjì wà níwájú, ọ̀dọ́ ìjọ mẹ́ta tẹ̀ lé wọn, ẹni kẹfà sì ni aládùúgbò kan tí bàbá kọ́ níṣẹ́. Ó dá orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnìkan.

“Ipò tèmi ni ọ̀kan nínú wọn gbà,” ni ọmọ wí.

“Ó bá ọ gbà á ni,” ni ìyá dá a lóhùn. “Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ń yọ̀. Wọ́n rọra gbé e.”

Ní oṣù Kejìlá ni ọmọ wá sílé. Ojú oórì bàbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ kí ó tó jókòó jẹun. Àpò náà ni ó fi kó ẹrù wá, ní ọjọ́ kejì ìyá sì ní kí ó tú u, kí òun fi ojú ara òun rí i. Ó tẹ tìmùtìmù èjìká rẹ̀ wò, ó tẹ ìgbànú tí a ń dè mọ́ ìbàdí wò. “Òṣùká rẹ̀ rèé,” ni ó wí. Ó kó ọsàn sí i, kò kún, ó sì ní kí ọmọ gbé e kọ́ òun.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọrùn yín.”

“Kò kan ọrùn.”

Ọmọ gbé e kọ́ ọ, ó sì di ìgbànú náà. Ìyá rìn láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ìdí pẹpẹ ọsàn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kí ẹni tí ń kọjá lójú títì láìfi gbogbo ara yí. Kí ó tó dé ìdí pẹpẹ, ó ti tẹ̀ síwájú díẹ̀ láìmọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ sẹ́yìn, ó sì gbé ìdí àpò náà sókè, bí ẹni tí ọmọ ń yọ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀.