Ta Ló Gbẹ́ Ẹ?

Láyé àtijọ́, agbẹ́gilére kì í sábà kọ orúkọ sára ère. Ẹnu ará ilé rẹ̀ ni ìwé rẹ̀, oríkì rẹ̀ sì ni òǹtẹ̀ tó fi lu iṣẹ́. Olówè, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, kú lọ́dún 1938. Ní 1988, tí í ṣe àádọ́ta ọdún gééré lẹ́yìn ikú rẹ̀, Olójú-ifún, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, ṣì ń ki í, ó ń ka iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ láti ààfin dé ààfin.

Lóde òní, fídíò ewì kan já wọ inú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó dùn létí. Orúkọ akéwì ti wà nísàlẹ̀ fídíò náà rí. Ẹnì kan ti gé e dànù, ó ku ìdajì lẹ́tà kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni ín?" Wọ́n ní, "Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí mi nìyẹn."

Síbẹ̀, ká má purọ́ mọ́ àtijọ́. Ilẹ̀kùn tí Olówè gbẹ́ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, dé ibi àfihàn Wembley, ní London, lọ́dún 1924. Òyìnbó fẹ́ rà á. Ọba ní òun ò tà, àfi kí wọ́n ṣe ìtẹ́ fún òun dípò rẹ̀. Ọba gba ìtẹ́, òyìnbó gba ilẹ̀kùn. Ta ló rántí ẹni tó di ọ̀bẹ mú? Ọmọ iṣẹ́ tó bá ọ̀gá fín ọnà ńkọ́? Orúkọ ọ̀gá ni iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́. Àwa tí à ń ṣàárò àtijọ́ yìí náà, ṣebí àwa la máa ń gbé kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ fáwọn tó ń dọ́bù orin nígbà kan, tí a ó wá fi báírò kọ "Àpàlà 1", "Àpàlà 2" sí i lára. Orúkọ olórin ò sí níbẹ̀.

Òní ní òfin. Àdéhùn àgbáyé ti Berne lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti fi í lélẹ̀ láti 1928, òfin kọpíráìtì ilẹ̀ wa ti 2022 náà sì sọ ọ́: yàtọ̀ sí owó, oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pé ká dárúkọ òun mọ́ iṣẹ́ òun, ká má sì bà á jẹ́ débi tí yóò tàbùkù òun. Ọ̀rọ̀ tó gún ni. Ṣùgbọ́n oríkì kò lè báni lọ sí kóòtù, òfin kò sì lè jí láàárọ̀ kó ki ni. Àtijọ́ ní ẹnu, kò ní ìwé. Òní ní ìwé, ẹnu ló wọ́n. Oríkì Olówè gan-an, ta ló kọ́kọ́ hun ún? Ìyàwó ni, àbí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì? Ẹni tó ń dárúkọ èèyàn kò rántí dá tirẹ̀.

Nígbà tó dalẹ́, ewì àárọ̀ yẹn tún wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ìdajì lẹ́tà tó kù pàápàá ti lọ. N kò lè bínú: èmi náà ti fi í ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́fà kí n tó jáde nílé.