Àwa Tí Kàdúná Kọ́ Lédè Kí Yunifásítì Tó Kọ́ Wa

Kí àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó wọ yunifásítì, èdè mẹ́ta ti wà lẹ́nu wa. Yorùbá ni màmá fi ń bá wa wí, Haúsá la fi ń ná ọjà tí a sì fi ń bú ara wa ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà ń torí ẹ̀ nà wá. Kò sẹ́ni tó kà á sí ọgbọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fi Haúsá bá ọmọ Ìgbò jà ní Tudun Wada kì í ṣe ohun àpéwò. Èdè Gbagyi, ti àwọn tó nilẹ̀ kí Lugard tó dé, ló kàn ń kọjá létí wa láìdúró.

Nígbà tí àwọn kan nínú wa wá ní Faransé làwọn fẹ́ kà, ilé dàrú. "Faransé kẹ̀? Ṣé Kùtọnu lo fẹ́ lọ máa ta aṣọ ni?" Dókítà àti lọ́yà ni wọ́n ń retí. Ìdáhùn wa ni pé Niger kò jìnnà: ẹni tó bá kọjá Katsina àti Jibiya ti dé Maradi, iṣẹ́ kò sì ní wọ́n ẹni tó gbọ́ èdè ìjọba wọn. Kàdúná fúnra rẹ̀ kò ní yunifásítì alágbádá nígbà yẹn, NDA ti àwọn ológun nìkan ni. A ó wọkọ̀ ní Kawo, ó di Samaru ní Zaria, ní Yunifásítì Ahmadu Bello tí wọ́n ṣí ní 1962.

Àwọn olùkọ́ tí a bá níbẹ̀ ti rí ohun tí ojú wa kò rí. Nígbà tiwọn, ẹni tó bá ń kọ́ Faransé a máa lo àkókò ní ilẹ̀ Faransé tàbí ní Dakar kí ahọ́n rẹ̀ lè yọ̀. Wọ́n a máa sọ̀rọ̀ búrẹ́dì Paris bí ẹni ń ròyìn àfẹ́sọ́nà. Àmọ́ náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò ọrọ̀-ajé SAP ti 1986, apá kò sì ká owó ìrìn-àjò mọ́. Ní 1991, ìjọba dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, ibẹ̀ ló wá di Paris tiwa. Bí a bá jáde kúrò nínú ọgbà, Ègùn ni aráàlú ń sọ!

A gbọ́ Faransé ṣá, nítorí àwọn olùkọ́ kò gbà fún wa. Nínú wọn la ti rí ẹni tó jẹ́ pé, bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, kò ní sọ nǹkan kan. Yóò kọjú sí fèrèsé, kíláàsì yóò pa rọ́rọ́, títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi tún un pè. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ èdè létí ti bàjẹ́, ẹnu olùkọ́ ni kásẹ́ẹ̀tì wa. Ìwé òǹkọ̀wé Camara Laye kan ṣoṣo á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, a ó sì fi bírò dà á kọ. Orúkọ tí wọ́n fi ń búra ni ti Abiọ́lá Irele, tó gboyè dókítà ní Paris ní 1966 tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n Faransé n'Íbàdàn. Fún àwọn tó ń kọ́ Lárúbáwá, Kọ́lé Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ni, ọmọ Àkúrẹ́ tó tìtorí ìwé Ahmad Bakathir dé Edinburgh.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn ń ṣófo. Àwọn kan gba Amẹ́ríkà lọ, àwọn mìíràn gba Saudi. Ní 1996, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ìjọba ológun sì tú àwọn olórí ẹgbẹ́ náà ká. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà ni Ọ̀gágun Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Ẹ̀rín pa wá.

Àwọn tí a kò kà sí nígbà náà ni àwọn tó lọ kọ́ Haúsá. A máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ tí kò sí lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ àwa tí Haúsá ń dà lẹ́nu wa bí òjò kò tíì ka ojú ìwé kan rí nínú rẹ̀. Zaria tí a ń lọ gan-an ni òyìnbó kan, Rupert East, ti ṣètò ìdíje ìtàn kíkọ ní 1933, tí Abubakar Imam fi kọ *Ruwan Bagaja*, tí tíṣà kan láti Bauchi, Abubakar Tafawa Balewa, fi kọ *Shaihu Umar*. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kàdúná dá yunifásítì tirẹ̀, KASU, sílẹ̀ ní 2004, Ọ̀nà Tafawa Balewa ló bọ́ sí. Olórí ìjọba tí wọ́n pa ní 1966 ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ orúkọ yẹn sí; òǹkọ̀wé ni lójú àwọn tó ń kọ́ Haúsá. Ní KASU yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Malumfashi ti ń ṣiṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ Haúsá, tí iṣẹ́ Imam sì wà lára ohun tó ti yẹ̀ wò fínnífínní.

Lára wa náà ti di olùkọ́ báyìí. Wọ́n ti la ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ti 2022 kọjá, wọn ò sì tíì sá lọ. Iṣẹ́ wọn tilẹ̀ le ju ti àwọn tó kọ́ wa. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Ṣàríà ti 2000, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó sí àríwá odò Kàdúná, ọ̀pọ̀ Kristẹni kó sí gúúsù, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà sì lè dàgbà láìmọ òdìkejì. Kíláàsì èdè wà lára ibi tí ọmọ Rigasa ní àríwá ti ń jókòó ti ọmọ Sabon Tasha ní gúúsù, tí àwọn méjèèjì ń ṣi ọ̀rọ̀ Faransé kan náà pè.

Ní oṣù Kẹta 2025, ìjọba Niger sọ Haúsá di èdè orílẹ̀-èdè, wọ́n sì rẹ Faransé sílẹ̀ di èdè iṣẹ́ lásán. Niger tí a tìtorí ẹ̀ bá àwọn òbí wa jiyàn! Àwọn ẹgbẹ́ wa tó kọ́ Haúsá kò jẹ́ ká sinmi láti ìgbà náà. Wọ́n ní àwọn yóò gba owó ìtanràn. Èyí tó ń kọ́ni ní Faransé nínú wa ní kí wọ́n má tíì jó, nítorí ìwé òfin tí wọ́n fi rẹ Faransé sílẹ̀ yẹn, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́.