Orí Àpáta Ni Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wà

Ìgbòho ni mo ń lọ, láti lọ wo Igbó Ọba tí wọ́n sin àwọn Aláàfin ayé àtijọ́ sí. Láti Ìbàdàn dé Ìṣẹ́yìn kò ni mí lára rárá. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe, tó gùn tó kìlómítà 65, tẹ́jú débi pé ìyá arúgbó tó jókòó tì mí sùn títí a fi débẹ̀. Mo ṣàdúrà fún gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀nà tó dára ń dá ẹ̀mí sí ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ. A kọjá ní Òtu, a kọjá ní Tedé. Lẹ́yìn Ṣẹpẹ̀tẹ́rì ni bẹ́líìtì ọkọ̀ já.

Dẹ́rẹ́bà gun ọ̀kadà padà sí Ṣẹpẹ̀tẹ́rì láti lọ wá òmíràn. Abúlé kékeré kan ló fi wá sí, ní agbègbè igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko, tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park. Mo yọ fóònù jáde, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ti ṣèlérí fún màmá mi pé n ó pè kí aago mẹ́rin tó lù. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ọmọ bá rìnrìn àjò tí a kò gbúròó rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, a ó ní ó ń gbádùn ara rẹ̀ ni. Láyé ìjínigbé yìí, wákàtí méjì péré tó láti mú kí ẹ̀jẹ̀ ìyá ru.

Ìyá kan ń jọ èlùbọ́ níwájú ilé rẹ̀ nígbà tó rí mi tí mo ń na fóònù sókè kiri. Ó ní, "Ọmọ mi, sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀. Kò sí i nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbí. Orí àpáta ló wà. Ṣùgbọ́n o ó kọ́kọ́ jẹun." Àmàlà gbígbóná, ọbẹ̀ ilá, àti wàrà díndín dípò ẹran. Kò béèrè orúkọ mi títí mo fi ṣan ọwọ́ tán.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ síbẹ̀. Àpáta náà wà lẹ́yìn abúlé, ẹsẹ̀ èèyàn sì ti fa ọ̀nà sára rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń gun òkè níwájú wa. Inú igbá ló kó fóònù àwọn àgbàlagbà sí. Tó bá débẹ̀, yóò tẹ́ wọn sílẹ̀ kí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn wọlé, yóò wá kó wọn sọ̀kalẹ̀, yóò sì ka èyí tó wọlé fún oníkálukú. Lójoojúmọ́ ló ń ṣe é lẹ́yìn ilé ìwé. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ lórí àpáta yẹn, àwọn tó kù á yí ẹ̀yìn sí i, wọ́n á sún díẹ̀. Mo ronú kan àwa ará ìlú ńlá, tí a ń fi ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ àìsàn pariwo lórí fóònù nínú mọ́tò tó kún fún èrò. Ó yẹ ká wá kọ́ ẹ̀kọ́ ilé níbẹ̀.

Símù tèmi kò gbé nǹkan kan lórí àpáta náà pẹ̀lú, nítorí ilé-iṣẹ́ tí mo ń lò kò ní òpó nítòsí. Ìyá tú etí ìró rẹ̀, ó mú fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì jáde. "Pe ìyá ẹ."

Màmá mi kọ́kọ́ kọ̀ láti gbé e, wọn kò mọ nọ́ńbà náà. Nígbà tí wọ́n gbé e, ohùn wọn ń gbọ̀n. Mo ní, "Màmá, àlàáfíà ni mo wà." Wọ́n ní ta ló ní fóònù. Wọ́n ní ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù: pé ẹnì kan ló ń fi ipá mú mi sọ̀rọ̀. Ìyá gbọ́, ó sì na ọwọ́ gba fóònù.

"Ẹ kú ilé o. Ọmọ yín ń bẹ lọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ ló bàjẹ́, kò sí nǹkan míì. Ó ti jẹun."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló pa ẹ̀rù. Àwọn méjèèjì tí wọn kò rí ara wọn rí bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ọjà, wọ́n dé orí iye tí èlùbọ́ ń lọ. Ẹnu àdúrà ni màmá mi wà tí káàdì fi tán. Mo fẹ́ san owó rẹ̀, ìyá kọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ń bẹ ní Kútọnu. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, fóònù ẹni ẹlẹ́ni ló fi ń pè mí."

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé níbi tó jìnnà, fóònù nìkan kò tó. Nígbà tí àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́, ẹni tó gbé e dání wà lára iṣẹ́ tí wọ́n rán. Ẹni tó bá fẹ́ gba irú ọ̀nà yìí, kó sọ fún ará ilé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò ti lọ. Kó kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Kó pa fóònù tí kò bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí wíwá tó ń wá a kiri ló ń jẹ bátìrì. Kó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó máa ń kọjá níbi tí ìpè kò ti lè kọjá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó kí àwọn tó bá lójú ọ̀nà dáadáa.

Ṣùgbọ́n àlejò ni èmi, mo lọ, mo bọ̀. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ńkọ́? Ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 dá àpò owó kan sílẹ̀, USPF, kí ìbánisọ̀rọ̀ lè dé ibi tí èrè kò ti lè mú ilé-iṣẹ́ débẹ̀. Mo mọ̀ pé òpó ń jẹ dísù níbi tí kò sí iná, mo sì mọ̀ pé èrò abúlé kò pọ̀. Síbẹ̀, iye tí a ń ra káàdì ní Ìbàdàn ni ìyá yẹn ń rà á. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ jọ lo òpó kan ṣoṣo nírú ibẹ̀, kí símù ẹnikẹ́ni sì lè gbé lórí rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà padà dé pẹ̀lú bẹ́líìtì, alẹ́ ni a sì dé Ìgbòho. Mo rí Igbó Ọba lọ́jọ́ kejì, ìtàn rẹ̀ sì tó kọ lọ́tọ̀. Ìyá àti màmá mi ṣì ń pe ara wọn, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìyá bá ráyè gun òkè. Òun ṣì ní agbára ẹsẹ̀. Aboyún tí ọmọ bá mú lóru kò ní in. Ẹni tó bá ń pín òpó, kó fi ìyẹn ṣe àkọ́kọ́ nínú ìṣirò rẹ̀.