Ọjà Beaulieu: Níbi tí àwọn ọkọ̀ arúgbó ti ń wá ẹsẹ̀ rà

Ẹni tó bá kúrò ní Southampton, tó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní pẹ́ wọ inú igbó kan tí wọ́n ń pè ní New Forest, ìyẹn Igbó Tuntun. Igbó náà kì í ṣe tuntun mọ́ o! Láti nǹkan bí ọdún 1079 ni Ọba William, ẹni tó fi ogun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọdẹ tirẹ̀. Àwọn ẹṣin kúkúrú àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń jẹ̀ káàkiri ibẹ̀ láìsí okùn lọ́rùn, wọn a sì dúró sí àárín títì bí ẹni pé àwọn ló ni ín. Nítorí tiwọn ni òfin ṣe sọ pé lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà inú igbó náà, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 40 ní wákàtí kan. Àárín igbó yìí ni Beaulieu wà. "Bíúlì" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, "ibi tó rẹwà" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Faransé.

Bí oṣù Kẹsàn-án bá dé, kì í ṣe ẹwà ìlú náà ni èrò ń wá wò. Irin àlòkù ni wọ́n ń wá rà. Ní ọdún 1952, Lọ́ọ̀dù Montagu, tí ilẹ̀ náà jẹ́ ogún ìdílé rẹ̀, kó ọkọ̀ àtijọ́ márùn-ún sínú ààfin wọn fún àfihàn, ní ìrántí baba rẹ̀ tó fẹ́ràn mọ́tò. Ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́tò ńlá tó wà níbẹ̀ lónìí ti ṣẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1967, wọ́n dá ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ ní ìtòsí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ládípọ̀ ní Mushin kò ní ṣàjèjì níbẹ̀: irin lórí irin, ìpààrọ̀ owó, ìdúnàádúrà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣe àwọn irin wọ̀nyí ti kógbá sílé tipẹ́tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọkọ̀ kan ṣoṣo yẹ̀ wò. MGB ni orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ asáré kékeré, onílẹ̀kùn méjì, tó súnmọ́ ilẹ̀. Ìlú Abingdon, nítòsí Oxford, ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1962 títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1980, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣe é ju 500,000 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì lọ sí Amẹ́ríkà. Gbogbo ẹni tó bá wo MGB láti òkèèrè yóò rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ní ìparí ọdún 1974 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Òfin Amẹ́ríkà lórí gíga bọ́ńpà mú kí ilé iṣẹ́ náà gbé ọkọ̀ yìí sókè ju bí ó ti wà lọ, kí wọ́n sì fi bọ́ńpà rọ́bà ńlá rọ́pò ti irin dídán. Kì í ṣe sípíríǹgì nìkan ni wọ́n yí padà. Irin ìdábùú tí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì so mọ́ náà yí padà. Wọ́n tún yọ ọ̀pá irin tí ó so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà. Ọkọ̀ tó ga, tí kò sì ní olùdìmú! Àwọn awakọ̀ pariwo títí, kó tó di pé ní ọdún 1976 wọ́n dá ọ̀pá iwájú padà, èyí tó nípọn sí i, wọ́n sì fi òmíràn sí ẹ̀yìn. Bí àwọn tó dá ọkọ̀ náà bá lè ṣi ẹsẹ̀ rẹ̀ tò, kí ni kí á wá sọ nípa ẹni tó ń ṣa irin láàárín pápá?

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Sípíríǹgì kan lè wá láti ara ọkọ̀ ọdún 1968, kí èkejì rẹ̀ wá láti ara ti 1978. Ojúlówó ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí irin tí wọ́n fi lọ́ ọ̀kan bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá nípọn ju ti èkejì lọ, tí ohun gbogbo yòókù sì dọ́gba, líle rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po kan àbọ̀ ti ẹnìkejì. Ojú lásán kò lè rí i. Aṣojú ìwọ̀n ló lè sọ ọ́. Ọkọ̀ náà yóò wá dà bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú: ẹrù rẹ̀ yóò wà lórí ẹsẹ̀ méjì tó dojú kọ ara wọn ní ìdábùú. Bí awakọ̀ bá tẹ bírékì, táyà iwájú tí ẹrù kò sí lórí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ há, yóò sì máa yọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló le ju ti iwájú lọ ní àlejù, ìdí ọkọ̀ ni yóò fẹ́ ṣáájú orí ní kọ́nà.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú MGB tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Apá rẹ̀ gan-an ló di òkè ẹsẹ̀ táyà mú. Nítorí náà, bí ìsopọ̀ inú rẹ̀ bá ti jẹ, jíjó nìkan kọ́ ni ọkọ̀ yóò máa jó. Táyà fúnra rẹ̀ yóò máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà kan, àyẹ̀wò ọdọọdún ìjọba, tí wọ́n ń pè ní MOT, lè rí díẹ̀ nínú àwọn àbùkù báyìí mú. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, òfin ti yọ̀ǹda ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún kúrò nínú rẹ̀, bí wọn kò bá tíì yí ìṣẹ̀dá wọn padà púpọ̀. Gbogbo MGB ayé àtijọ́ ló ti pé ọjọ́ orí náà. Òfin ṣì sọ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ fún títì o, ṣùgbọ́n ọrùn ẹni tó ni ín ni ẹrù náà wà báyìí.

Kí ni ọlọ́gbọ́n oníbàárà ń ṣe ní Beaulieu? Ó ń béèrè ọdún ọkọ̀ tí wọ́n ti tú irin náà. Ó ń ra méjì tó jáde láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ó ń wọn gíga, ó ń wọn nínípọn, ó ń ka iye ìlọ́po. Bí ó bá rí ọ̀kan láìrí ẹnìkejì rẹ̀, ó ń fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, nítorí wọ́n ṣì ń rọ méjì-méjì tuntun fún ọkọ̀ yìí títí di òní. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ó ń wakọ̀ lọ sílé, tí ẹṣin kan sì ṣàdédé já sí ojú títì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ra wọn yé.