Òkè Àǹtí

Costain, Èkó
Oṣù Ọ̀wàrà, 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìyá rẹ pè mí lálẹ́ àná. Kò tíì kí mi tán tí ohùn rẹ̀ fi yí padà. Ó ní o ti ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan, àti pé ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti fẹnu kò pé ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ dé Abẹ́òkúta ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Ó ní ọ̀dọ̀ mi ni o ti kọ́ ọ. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn èmi alára ò balẹ̀ mọ́. Mi ò sùn dáadáa.

Ọmọ mi, mi ò ní kí o má lọ. Jẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ yé ọ. Ìgòkè ò bà mí lẹ́rù nítorí rẹ: ẹsẹ̀ rẹ le, o sì ní sùúrù jù mí lọ. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń já mi láyà.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o sùn lọ́dọ̀ mi, nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí o jí bá mi lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti ń fẹ́ taya? O ní, "Àǹtí, òkè wo ló wà l'Ékòó tí ẹ fẹ́ lọ gùn?" Mo gbé ọ dúró sórí àga, mo nawọ́ sí Afárá Èkó láti ojú fèrèsé. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, iyanrìn àti omi ló yí wa ká. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè níhìn-ín, orí afárá ni yóò lọ. Ọdún 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tó wà nítòsí wa yìí, ó di 1975 kí wọ́n tó parí gbogbo rẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni o ti ń pè é ní "òkè Àǹtí".

O mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń jáde, ní aago márùn-ún ààbọ̀, nígbà tí àwọn awakọ̀ dáńfó ṣì ń sùn nínú ọkọ̀ wọn. Mo máa ń gba Costain gun afárá, n ó kọjá lórí Ìjọ́ra, n ó sọ̀ sí Apọ́ńgbọ̀n, n ó gba Marina bọ́ sí Afárá Third Mainland. Kìlómítà 11.8 ni gbogbo afárá yẹn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ṣùgbọ́n n kì í gùn ún tán. Adékúnlé ni mo máa ń yà sí Yàbá. Kí n tó yà, n ó rí èéfín àwọn tó ń yan ẹja ní Mákòko, tó dà bí ìkùukùu lórí ọ̀sà. Lásìkò àrọ̀kúrò yìí gan-an ló dùn jù. Oòrùn kò tíì mú, ọyẹ́ kò tíì dé, atẹ́gùn sì tutù. Àbẹ̀kẹ́, inú mi máa ń dùn níbẹ̀ débi pé mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè fún ara mi.

Àrọ̀kúrò yẹn náà ló fẹ́ pa mí ní 2017.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí títí di àárọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n di èjìká mi, tí ìyá rẹ sáré wá, mo ní inú balùwẹ̀ ni mo ti yọ̀ ṣubú. Irọ́ ni mo pa fún un. Orí afárá ni. Òjò ti rọ̀ lóru, ó ti dá, mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Mò ń sọ̀ bọ̀ sí Costain, eré ń dùn mọ́ mi, ni mo bá rí omi tó dá gún níwájú. Mo fún bíréèkì pọ̀ lórí irin tó la ojú afárá já. Kẹ̀kẹ́ náà yọ̀ kúrò lábẹ́ mi bí ẹni pé wọ́n fi ọṣẹ pa ilẹ̀. Egungun èjìká mi ṣẹ́. Awakọ̀ dáńfó kan ló fi ọkọ̀ rẹ̀ dábùú ẹ̀yìn mi kí àwọn ọkọ̀ yòókù má baà gùn mí mọ́lẹ̀. Kọ́ńdọ́kítọ̀ rẹ̀ sì gbé kẹ̀kẹ́ mi sórí bí ẹni gbé pákó. Mo ṣì máa ń wo ojú gbogbo awakọ̀ dáńfó tó bá kọjá ní Costain, bóyá n ó tún rí ọkùnrin náà kí n dúpẹ́ dáadáa.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fetí sí mi.

Kọnkéré máa ń wú nínú ooru, ó sì máa ń sún kì nínú òtútù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi àlàfo àti irin sáàárín afárá. Tí o bá dé ibẹ̀, kọjú sí i gbọọrọ, má dábùú, má fọwọ́ kan bíréèkì lórí rẹ̀. Dín eré kù kí o tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́nà: kí o tó yà ni kí o mú bíréèkì, kì í ṣe ìgbà tí o bá ń yà lọ́wọ́. Bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá tutù, rọra tẹ méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ ń di ríìmù mú bíi tìrẹ, omi ara ríìmù ní láti kọ́kọ́ kúrò kó tó mú.

Èyí tí n kò mọ̀ nígbà yẹn nìyí: bí eré rẹ bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì yóò gbà kí o tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Tún un kà, ọmọ mi.

Ní Yúróòpù, ewé tó wọ́ sílẹ̀ tí òjò pa ló ń yọ àwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣubú lásìkò yìí. Tiwa ni epo. Àwọn tánkà tó ń ti Àpápá bọ̀ máa ń kán epo sílẹ̀ láti Ìjọ́ra títí dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n, epo yẹn á léfòó, ojú títì á wá máa dán. Tí o bá rí i tó ń dán, dúró. Fara pa mọ́ síbi kan títí òjò á fi rọ̀ dáadáa kó sì dá. Ẹ̀yin ò gbọ́dọ̀ máa kánjú.

Ọ̀nà Abẹ́òkúta náà wà lọ́kàn mi. Nǹkan bí 100 kìlómítà ni láti ọ̀dọ̀ mi, Sango, Ìfọ̀, Pápá, Ewékorò. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò kò ní rí ọ tí o bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Má ṣe bá wọn dọ́gba rárá. Òkè ń dúró dè yín nínú ìlú; nígbà tí ẹ bá fi máa débẹ̀, ó ti máa rẹ̀ yín. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í ronú dáadáa ní ìsọ̀kalẹ̀.

Tó bá sì le jù, bọ́ sílẹ̀, kí o máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ. Jọ̀wọ́, má tijú. Ṣé o wo ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Kigali, ní Rwanda, lóṣù tó kọjá? Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wáyé ní Áfíríkà. Kìlómítà 267.5 ni àwọn ọkùnrin gùn, òkè lórí òkè. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lé ní 160. 30 péré ló parí. Pogačar ló borí, ṣùgbọ́n àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọ̀nà ni mo ń wò. Ògbóǹtarìgì ni gbogbo wọn.

Ìyá rẹ tún sọ pé ojú ń tì ọ́ nítorí kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ náà. Àbẹ̀kẹ́, Ese Ukpeseraye tó ṣojú wa ní Òlíḿpíìkì ní Paris ní 2024, kẹ̀kẹ́ tó yá lọ́wọ́ ikọ̀ Jámánì ló fi sáré inú pápá. Tìrẹ dára. Wáyà bíréèkì rẹ̀ nìkan ni kí o pààrọ̀, kí o sì mú taya rẹ̀ lọ fún fọkanáísà kó wò ó.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí: kí o tó lọ sí Abẹ́òkúta, wá sọ̀ lórí afárá pẹ̀lú mi ní ọjọ́ Àìkú méjì. Sùn síbí ní Sátidé. Mo ti ra àṣíborí fún ọ àti iná pupa méjì, ọ̀kan fún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, èkejì fún ẹ̀yìn rẹ.

Mo pe ìyá rẹ padà láàárọ̀ yìí, mo sì sọ òtítọ́ èjìká mi fún un. Ó pariwo mọ́ mi, ó sunkún, ó sì dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé aago mélòó la máa jáde. Ó ní òun á wa ọkọ̀ rọra tẹ̀lé wa lẹ́yìn, kí òun lè fi iná ọkọ̀ rí wa dáadáa, àti pé tí a bá dé Oyíǹgbò, òun ló máa ra àkàrà.

Àǹtí rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Bọ̀sẹ̀