Iná Tí Kò Dúró, Ohùn Tí Ń Yẹ̀

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni mo mú wá lónìí. Ẹ má ṣe rò pé mo ti fi iṣẹ́ èdè sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni à ń lọ.

Ilé bàbá mi ní Beere, nítòsí òkè Mápó, ni àwọn àwo àpàlà tí wọ́n fi sílẹ̀ wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo gbé àwo kan lé e, mo sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́ta kọ orin náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Wọ́n ti mú iná lọ. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré ni a ń lò. Nígbà tí mo yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọ "ọkọ̀" níbi tí olórin ti pe "ọkọ". Kí ẹni kan ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, kò burú. Kí ẹni mẹ́ta ṣi ọ̀rọ̀ kan náà gbọ́, ó ní ìdí. Mo dá àwo náà padà sẹ́yìn, "ọkọ" ni gbogbo wa sì gbọ́ ketekete. Kò pẹ́ tí firíìjì inú yàrá kejì fi dìde, ẹ̀rọ amúnáwá kérora, ohùn olórin sì já wálẹ̀. Ó wá yé mi.

Iná tiwa kì í ṣàn lójú kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irú ẹ̀rọ orin tí bàbá mi ní, lílọ-bíbọ̀ yìí ni ó ń tẹ̀ lé láti yí àwo. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá kékeré gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kí ó tó lè pèsè 50 náà. Bí ó bá sáré dé 53, gbogbo orin yóò gòkè, bí ìgbà tí a kúrò lórí bọ́tìnì funfun dùùrù bọ́ sórí dúdú tí ó tẹ̀ lé e.

Èyí nìkan kò ba èdè jẹ́. Ohùn Yorùbá kò ní ibùgbé kan pàtó: ohùn òkè àgbà ọkùnrin lè relẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lọ. Ìbátan ohùn sí ohùn ni etí ń wò. Ohun tí ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni kí iná yí padà láàárín gbólóhùn. Gbólóhùn wa fúnra rẹ̀ a máa rọra fà sílẹ̀ bí ó ṣe ń lọ, etí onílé sì mọ bí a ti ń yọ ìyẹn kúrò. Etí kò mọ bí a ti ń yọ ti firíìjì.

Aburú kejì ni ìkùn tí ń bẹ lábẹ́ orin. Ó sábà máa ń wà ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, àyíká ibẹ̀ gan-an sì ni ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń gbé.

Mo ra sitẹbiláísà, mo sì ránṣẹ́ sí bàbá rẹwáyà kan ní Ọjà'ba. Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, èyí yóò gbé iná tí ó relẹ̀ sókè. Kò lè sọ fún ẹ̀rọ amúnáwá rẹ pé kó má sáré."

"Kí ni ká ṣe, Bàbá?"

"Ilẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n so gbogbo ẹ̀rọ orin náà mọ́ ọn lójú kan. Wọ́n fa wáyà nínípọn láti ìdí mítà wá, láìjẹ́ kí firíìjì pín nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inverter àti bátìrì. Wọ́n kìlọ̀ fún mi kí n má ra olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ ń gòkè bí àtẹ̀gùn. Èyí tí iná rẹ̀ ń yí geerege ni kí n rà. Inverter ní òǹkà tirẹ̀ nínú. 50 ni 50 rẹ̀, bí ẹrù wúwo, bí ó fúyẹ́.

Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n rántí àpótí Rediffusion ìgbà èwe wọn. Ọdún 1939 ni irú ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ orí wáyà bẹ́ẹ̀ dé Ìbàdàn. Àpótí náà kò bèèrè iná lọ́wọ́ onílé. Wáyà ni ó ń gbé ohùn wá. Ẹlòmíràn ni ó ń ru ẹrù iná nígbà náà. Lónìí, olúkúlùkù ni ó ń ṣe ilé-iṣẹ́ iná tirẹ̀.

Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ohun mìíràn dùn mí jù ú lọ. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi àtijọ́. Àpẹẹrẹ méjì tí mo fi ń kọ́ni lọ́dọọdún, inú àwo yẹn ni mo ti mú wọn, lórí ẹ̀rọ amúnáwá. Mo tún wọn gbọ́ lórí iná tuntun. Ọ̀kan dúró, èkejì kò dúró. Mo fa igi lé e, mo sì sọ ọ́ lójú kíláàsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń da ohùn àwọn àgbà kọ láti inú àwo: kí ẹ tó sọ pé olórin ni ó yí ohùn padà, ẹ bi ara yín léèrè pé irú iná wo ni ó gbé ohùn náà jáde. Kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àdàkọ yín.